Oyè Yunifásítì: Ohun Tí Ó Ń Béèrè Ju Iye Ọdún Lọ

Nígbà tí ọmọ Ìjerò, ọmọ Àràmọ̀kọ tàbí ọmọ Ẹ̀fọ̀n bá ti yunifásítì dé pẹ̀lú oyè, ìbéèrè tí àwọn ará ilé sábà máa ń bi í ni pé, "Ọdún mélòó ni o fi kà á?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùwọ̀n tí yunifásítì ń lò nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún mẹ́rin gbáko nínú ọgbà kí ó má sì gba oyè. Ohun tí yunifásítì ń kà ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe, èyí tí ó jẹ́ dandan fún un nínú iṣẹ́ náà, àti bí ó ti ṣe é dára tó. Ẹni tí kò bá tètè mọ èyí lè fi owó àwọn òbí rẹ̀ àti ìgbà èwe tirẹ̀ ṣòfò.

Láyé àtijọ́, ọmọ Ìjerò tí ó bá fẹ́ oyè ní láti forí lé Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó. Lónìí, yunifásítì ti wà ní Adó láti ọdún 1982 àti ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni Ìkẹ́rẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1977, sì ti di yunifásítì ní 2020. Ọ̀nà ti súnmọ́ ilé, ṣùgbọ́n ìlànà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rọjú.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré ni ìlànà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó gba ènìyàn wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, nínú àwọn iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kà mu, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978. Olùkọ́ tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. A lè gbà á tààrà sí ọdún kejì. Ṣùgbọ́n NCE kò pa gbèsè kírẹ́díìtì rẹ́. Àní nígbà tí ènìyàn bá padà wá láti gba oyè kejì tàbí ìkẹta, ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣì máa ń béèrè àwọn kírẹ́díìtì márùn-ún náà. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń tọ́ ọmọ sọ́nà lórí iṣẹ́ tí yóò kà ní kíláàsì kẹrin ti ń kọ́ ẹnu-ọ̀nà tí ọmọ náà yóò gbà kọjá ní ogún ọdún sí i.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé, kí ni ó kù? Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró. Nínú ètò ti ìgbà náà, ìdánwò àṣekágbá ni ó ń gbé ẹrù tí ó wúwo jù. Ètò òde òní yàtọ̀. Yúnìtì ni a fi ń ka iṣẹ́. Yúnìtì kan ni wákàtí ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó wà nínú sáà kan. Ìlànà NUC, àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ gba oyè láìní yúnìtì 120, ó kéré tán. Fún ẹni tí ó wọlé tààrà sí ọdún kejì, 90 ni.

Síbẹ̀, kí yúnìtì pé níye nìkan kò tó. Àwọn kọ́ọ̀sì kan jẹ́ dandan, àwọn mìíràn sì jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣà yàn. Lára àwọn tí ó jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ohun yòówù tí wọ́n ń kà, ni ẹ̀kọ́ ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan láti Ìjerò ń ka èdè Yorùbá. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, kọ́ọ̀sì oníyúnìtì mẹ́ta, ó sì gba A, tí í ṣe àmì márùn-ún: ẹ̀ẹ̀ta lọ́nà márùn-ún jẹ́ 15. Nínú kọ́ọ̀sì oníyúnìtì méjì kan, ó gba C, tí í ṣe àmì mẹ́ta: 6. Ṣùgbọ́n ó fojú tín-ín-rín ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà jẹ́ yúnìtì méjì, ó sì gba òdo. Àpapọ̀ àmì rẹ̀ jẹ́ 21. Bí a bá fi yúnìtì méje pín in, ó di 3.00. Ká ní ó gba D lásán, tí í ṣe àmì méjì, nínú kọ́ọ̀sì tí kò kà kún yìí, 25 ni ìbá ní, tí yóò sì di 3.57. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 3.50 ni ìpele kejì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀, 4.50 sì ni ìpele kìíní. Kọ́ọ̀sì kan tí a kò kà sí ni ó já a sílẹ̀ láti ìpele kan sí òmíràn.

Gbèsè náà kò sì tán síbẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ tún kọ́ọ̀sì ọ̀hún ṣe. Ẹni tí ó bá ń kó irú gbèsè bẹ́ẹ̀ jọ pé òun yóò san án ní ọdún ìkẹyìn yóò rí i pé ìlànà kò gbà kí òun ṣe ju yúnìtì 24 lọ ní sáà kan. Bí ọdún afikún ṣe ń wáyé nìyẹn.

Báwo wá ni oyè kejì àti ìkẹta ṣe yàtọ̀ sí àkọ́kọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ogun Kírìjì ṣe àpẹẹrẹ, ogun tí kò ṣàjèjì sí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, nítorí ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni Fábùnmi tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ohun tí ó fa ogun náà, àwọn tí ó jà á, àti àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè mástà ní láti lọ síwájú: yóò gbé ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ti sọ sórí òṣùwọ̀n, yóò sọ ibi tí ẹ̀rí wọn ti lágbára àti ibi tí ó ti mẹ́hẹ, yóò sì kọ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde. Ìpele kejì ti ìsàlẹ̀, ó kéré tán, ni a sábà máa ń béèrè kí a tó gbani sí ipò yìí.

Ní ti oyè ọ̀mọ̀wé, ohun tuntun ni a ń béèrè. Ní 1966, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Adébánjí Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí Èkìtì Parapọ̀ àti ogun Kírìjì gba oyè náà. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ní 1971. Àwọn àgbà ìlú ti ń sọ ìtàn ogun yìí kí a tó bí i. Kì í ṣe ìtàn náà ni ó jẹ́ tuntun, bí kò ṣe ìwádìí tí ó sọ ọ́ di ìmọ̀ tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, tí ó sì lè bá jiyàn. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé fi ní láti jókòó níwájú àwọn olùyẹ̀wò, tí ọ̀kan nínú wọn ti yunifásítì mìíràn wá, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀.

Oyè àkọ́kọ́ ń béèrè pé kí a mọ̀. Èkejì ń béèrè pé kí a mọ bí a ṣe mọ̀. Ìkẹta ń béèrè pé kí a fi kún ohun tí a mọ̀. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé ni kí ó ti gba ìwé ìlànà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ohun tí ó jẹ́ dandan, kí ó sì máa ka yúnìtì rẹ̀ ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan bí oníṣòwò ṣe ń ka ọjà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ tí ó bá sì ti la ọ̀nà náà kọjá, kí ó má dúró de ìgbà tí ọmọ bá ṣubú kí ó tó sọ fún un.