Adìẹ Oníyìnyín: Ta Ló San Ìyókù Owó Rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣakí, mo sì ra itan adìẹ oníyìnyín létí ọ̀nà, nítorí pé ó dínwó ju adìẹ ìbílẹ̀ lọ. Mo dín in, kò jinná dénú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló bá wa gbà á là.

Láti 2003 ni ìjọba ti fòfin de kíkó irú adìẹ yìí wọlé, ṣùgbọ́n àwọn onífàyàwọ́ ṣì ń gbé e gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí kò jìnnà sí Ṣakí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń sìn ín. Wọ́n á há ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́ ilé kan. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n á sanra débi pé ẹsẹ̀ òmíràn kò ní lè gbé e. Ìyà yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Adìẹ san apá kan owó náà, ọmọ wa san ìyókù.

Yìnyín kì í pa kòkòrò àrùn, ṣe ló ń mú un sùn. Bí ẹran bá yọ́ lójú ọ̀nà, kòkòrò á jí.

Ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ bó ti ń sin ẹran rẹ̀, kí ẹ sì sè é jinná dé eegun. Lọ́jọ́ tí owó kò bá tó, ẹ̀wà kò burú.