Ṣé ẹni tó ti wọ inú ẹ̀mí rí kì í bẹ̀rù ikú mọ́?

Ìròyìn Ìmẹ̀kọ tún ti gba iwájú ìwé ìròyìn, bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún tí oṣù December bá ti ń parí lọ, tí àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run ń wọ́ lọ síbẹ̀ fún àìsùn Kérésìmesì. Àwa tí a wà ní Owódé kì í dúró de ìwé ìròyìn ká tó mọ̀. Àwọn tó gba Ìdírókò wọlé láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ń kọjá lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó yà sí Ìlaro, kí wọ́n tó forí lé Ayétòrò: sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tó ti gbóná, páálí àbẹ́là lórí itan, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọn yóò fi pọn omi àdúrà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ètò ààbò àti ta ló ń darí ìjọ ni àwọn oníròyìn sábà máa ń kọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀. Gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn màmá tó bá ti ibẹ̀ bọ̀: pé láti ọjọ́ tí ẹ̀mí ti gbé àwọn, ikú ò bà wọ́n lẹ́rù mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú orí ènìyàn tí ẹ̀rù tó ti ń bá a gbé láti kékeré fi kúrò lára rẹ̀ láàárín òru kan?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dá ìjọ náà sílẹ̀, tí ibojì rẹ̀ wà ní Ìmẹ̀kọ. Wọ́n bí Samuel Bilewu Oshoffa sí Àjàṣẹ́ ní 1909. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìdáàṣà ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ìdí tí gbogbo ayé fi ń lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, káfíńtà ni, ó sì tún ń ṣòwò igi ẹ́bónì. Òwò igi yìí ló gbé e wọ inú igbó àbàtà ẹ̀bá odò Ouémé ní May 1947. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ ṣe sọ ọ́, oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rù bà á, ó ń gbàdúrà, ó sì gbọ́ ohùn kan tó ní "Luli". Ó rí ọ̀bọ funfun tó níyẹ̀ẹ́ bí àdán, ó rí ẹyẹ kan tó dà bí ọ̀kín, ó rí ejò kan, kò sì sí èyí tó ṣe é ní jàǹbá. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́ta ló fi wà nínú igbó kó tó bọ́ sí gbangba, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Ní 29 September 1947 ni ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní 1950, àwọn Ẹ̀gùn apẹja gbé e dé Makoko ní Èkó. Ọkùnrin náà kú ní September 1985 lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn kì í ṣe àlọ́. Ní 20 May 1947, òṣùpá bo oòrùn pátápátá. Òjìji rẹ̀ gba Chile àti Brazil kọjá, ó la Òkun Àtìláńtíìkì já, ó wọ Liberia, ó gba Gold Coast, Togo àti Dahomey títí dé Èkó. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà náà rí òru lọ́sàn-án. Ìwé ìjọ kọ 23 May, ìṣirò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sì fi sí 20. Ọjọ́ mẹ́ta tó wà láàárín wọn kò yà mí lẹ́nu rárá, nítorí ẹni tó wà nínú igbó fún oṣù mẹ́ta kò ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ní òṣùwọ̀n tó lè fi wọ̀n ọ́n bóyá Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀ nínú igbó yẹn. Mi ò sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó lè sọ fún wa ni ohun tí ìdánìkanwà, ebi àti òkùnkùn ń ṣe fún ọpọlọ. Láàárín 1951 sí 1954, Donald Hebb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà san dọ́là 20 lójúmọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kàn dùbúlẹ̀ nínú yàrá kékeré, kí wọ́n fi nǹkan bo ojú, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má gbọ́ ju ìró ẹ̀rọ lọ. Owó gidi ni nígbà yẹn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò lè lò ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ. Wọ́n ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, àwọn mìíràn ń gbọ́ ohùn. Ní May 1916, Ernest Shackleton àti àwọn ọkùnrin méjì fi wákàtí 36 rìn la àwọn òkè yìnyín erékùṣù South Georgia já kí wọ́n lè rí ìrànwọ́ fún àwọn èèyàn wọn. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó jẹ́wọ́ fún ara wọn pé ó ń ṣe àwọn bíi pé àwọn jẹ́ mẹ́rin lọ́nà, kì í ṣe mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé orí Oshoffa ló dàrú ti yára jù. Orí pípé ni orí gbogbo àwọn wọ̀nyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mọ́ mi jù nìyí. Tí wọ́n bá ní kí ènìyàn pa "èmi" rẹ̀ tì kó tó lè jí nípa ti ẹ̀mí, ọ̀pọ̀ ń rò pé ìgbéraga ni wọ́n ní kó pa tì. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí onírẹ̀lẹ̀ tó ń sùn lórí ẹní náà ní "èmi" tirẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọpọlọ gbà pé bí ènìyàn bá jókòó láìṣe nǹkan kan, ọpọlọ rẹ̀ ń sinmi ni. Ní 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis gbé ìwádìí jáde tó yí èrò yẹn padà. Wọ́n kíyè sí i pé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ láìní iṣẹ́ kan pàtó, àwọn apá kan wà ní agbedeméjì ọpọlọ, láti ìdí iwájú orí lọ sí ẹ̀yìn, tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí wọ́n bá sì ti gbé iṣẹ́ tó gba àfiyèsí fún un, àwọn apá yẹn á rọlẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni default mode network. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé ara iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ro ẹjọ́ ẹni fún ẹni. Kí ni lágbájá ní lọ́kàn tó fi wò mí báyẹn lánàá? Ṣé ọmọ mi á rí ilé ìwé wọ̀? Bí mo bá kú, ta ni yóò sin mí? Ó dà bí rédíò inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: kò sẹ́ni tó ń fetí sí i, kò sì sẹ́ni tó ń pa á.

Ẹ wá wo ibi tí ìbẹ̀rù ikú ń gbà wọlé. Àgbò tó bá rí ọ̀bẹ á jà, ṣùgbọ́n kì í fi oṣù mẹ́ta ronú Iléyá. Àwa ń ronú rẹ̀, torí pé ọ̀la wà nínú ìtàn "èmi" tí a ń sọ fún ara wa, ọ̀la náà sì lópin. Bí ìtàn náà bá dákẹ́, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí yóò kú lọ́la kò sí níbẹ̀ láti bẹ̀rù. Ó sì ń dákẹ́ lóòótọ́. Judson Brewer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2011 pé ní orí àwọn tó ti pẹ́ nídìí àṣàrò, àwọn apá wọ̀nyí ń rọlẹ̀. Ní 2006, Andrew Newberg ní Yunifásítì Pennsylvania wo ọpọlọ àwọn obìnrin márùn-ún tó ń fi èdè fọ̀. Ó kọ́kọ́ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọrin, ó tún wò wọ́n nígbà tí èdè dé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí iwájú ọpọlọ, níbi tí a fi ń darí ara wa, dín kù nígbà tí wọ́n ń fi èdè fọ̀. Èyí bá ohun tí àwọn wòlíì wa ń sọ mu, pé kì í ṣe àwọn ló ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn márùn-ún péré ni o, ẹ jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilẹ̀ Yewa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: elégùn tí òrìṣà bá gùn, bó bá sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ tán, á ní òun ò mọ ohun tí òun wí.

Ṣé ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń lé ìbẹ̀rù ikú lọ? Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá fínra. Ní December 2016, Roland Griffiths ti Yunifásítì Johns Hopkins àti Stephen Ross ti Yunifásítì New York gbé ìwádìí méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fún àwọn aláìsàn, 51 lọ́hùn-ún, 29 níhìn-ín, ní psilocybin, èròjà kan tó ń wá láti ara irú olú kan, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn tó jókòó tì wọ́n láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì fúyẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ikú. Ní Johns Hopkins, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Àwọn tó ní ara wọn "yọ́" mọ́ ohun tó tóbi jù wọ́n lọ ni ìtura wọn pọ̀ jù. Griffiths fúnra rẹ̀ gbọ́ ní 2021 pé jẹjẹrẹ ti wà nínú ìfun òun, ó sì sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú ọpẹ́ títí tó fi kú ní October 2023. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí wọ oko lọ wá olú o: olóró pọ̀ nínú wọn, ìwádìí náà sì ní ihò. Àwọn tó kópa kéré, ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọ ìgbà tí wọ́n fún wọn ní ojúlówó.

Àmọ́ ìwádìí kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ tí mo kọ́kọ́ kà á. Ní 2018, Shaun Nichols, Nina Strohminger, Arun Rai àti Jay Garfield bi àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ti Tibet nípa ikú. Ẹ̀kọ́ wọn láti kékeré ni pé "èmi" kò sí, ẹ̀tàn ojú ni. A ó rò pé àwọn ni ẹ̀rù yóò bà kéré jù. Òdìkejì ni wọ́n bá. Ẹ̀rù pé "èmi" yóò pa rẹ́ bà wọ́n ju àwọn Híńdù, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn Búdà tí kì í ṣe ajẹ́jẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè fi díẹ̀ nínú ọjọ́ ayé tiwọn sílẹ̀ kí àjèjì kan lè pẹ́ láyé, àwọn ló lọ́ra jù. Àwọn olùwádìí fi kún un pé kì í ṣe àwọn àgbà onáṣàrò ni wọ́n bi léèrè. Ẹ̀kọ́ ti wọ orí wọn, àṣàrò kò tíì wọ ara.

Àwa náà ńkọ́? Gbogbo wa la ń sọ ọ́ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ wá dé ibi àdúrà, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àṣẹ ṣe ń ró nígbà tí wọ́n bá dé orí ẹ̀mí gígùn. A tún máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín, èyí tó fi hàn pé ohun tí à ń dáàbò bò kì í ṣe ara yìí nìkan: orúkọ wà níbẹ̀. Ernest Becker sọ ohun tó sún mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ The Denial of Death ní 1973, pé torí ìbẹ̀rù ikú ni ènìyàn ṣe ń kọ́ ohun tí yóò kẹ́yìn òun. Ó kú ní March 1974, oṣù méjì kí wọ́n tó fún ìwé náà ní ẹ̀bùn Pulitzer. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí tó gba èrò rẹ̀ ṣe ìdánwò lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n nígbà tí yàrá ìwádìí 21 ní Amẹ́ríkà tún ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ṣe, èsì tó jáde ní 2022 kò rí ohun tí wọ́n ní àwọn rí.

Níbi tí ẹ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́ dé yìí, èrò tèmi ni mo ń sọ. Mi ò rò pé kíkọ́ ènìyàn pé kó pa "èmi" rẹ̀ tì ń mú ìbẹ̀rù ikú kúrò. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn ti kọ́ ọ. Ohun tó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí nǹkan gba ènìyàn kọjá, kí ìtàn náà dákẹ́ nítòótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ lẹ́yìn náà tí yóò gba àfiyèsí rẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀. Oshoffa kò kọ́ ilé sínú igbó. Ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ló gbà lọ. Ẹni tí ẹ̀mí gbé lóru tó wá jí lówùúrọ̀ láti máa ka iye ìran tí òun rí, mo fura pé ẹ̀rù yẹn yóò padà wá bá a. Bákan náà ni mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yìí lè bá àìsàn wá. Ohùn tó bá ń pàṣẹ kí ènìyàn pa ara rẹ̀ lára, tàbí ààwẹ̀ tí kò jẹ́ kó sùn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

A lè wádìí èyí lọ́dọ̀ wa níbí. Ní Àrò, Abẹ́òkúta, ni Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará ìlú, tó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń fojú tín-ín-rín wọn. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní ọgbà ní Ayétòrò, lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ gan-an. Kí wọ́n bi àwọn tó ń lọ léèrè kí wọ́n tó wọkọ̀, kí wọ́n sì tún bi wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n má sì dúró lórí bóyá ikú ṣì ń bà wọ́n lẹ́rù, torí ẹnu gbogbo wa ló mọ ìdáhùn yẹn. Kí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti lè jókòó sọ fún àwọn ọmọ wọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n sin àwọn sí àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ilẹ̀, bóyá wọ́n ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láìbẹ̀rù ohun tí dókítà yóò sọ, bóyá wọ́n lè jókòó ti aládùúgbò tó ń kú lọ láìsá.