Ìtọ́jú Igi Ọ̀ṣọ́ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Gbìn

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ṣàlàyé: igi tí ó rọ lẹ́yìn tí a tún un gbìn kì í ṣe òkú igi. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Àṣìṣe ọwọ́ ara mi ni ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ igi. Ní Ìníṣà, mo gbin igi ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ méjì sí iwájú ilé ní oṣù kẹwàá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn méjèèjì wọ́wé. Mo fa ọ̀kan tu. Nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Èkejì, tí n kò ráyè fà tu, rúwé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀.

1. Ohun tí ó ń ṣe igi

Erékùṣù Madagásíkà ni ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ ti wá, ìṣe rẹ̀ sì ni láti wọ́wé níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi ewé nìkan dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì wà lábẹ́ ilẹ̀. Gbòǹgbò ńlá ni ó ń di igi mú. Àwọn tín-ín-rín bí irun ni ó ń fa omi. Bí a bá ṣí igi nípò, àwọn tín-ín-rín yìí ni ó ń já jù. Ewé kò sì dẹ́kun títú omi sínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ń jáde wá pọ̀ ju ohun tí ń wọlé lọ. Igi a rọ, a sì ju ewé nù kí ó má baà kú.

Àwọn baba wa mọ èyí lò. Ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, gẹ́gẹ́ bí ní ìlú Yorùbá mìíràn, odán jẹ́ igi ìbòòji. Ọ̀pá odán lásán, tí kò ní gbòǹgbò, tí kò sì léwé, ni a ń rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Àìléwé rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tán kí gbòǹgbò tó yọ. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí gé gbogbo ẹ̀ka igi mìíràn: ewé tí ó kù ni ó ń pèsè oúnjẹ fún gbòǹgbò titun.

2. Ìtọ́jú rẹ̀

Oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ni ó yẹ kí a gbìn ín, kí gbòǹgbò lè ràn kí ọyẹ́ tó dé. Kí a ya ọ̀rá dúdú kúrò ní ìdí rẹ̀. Kí ihò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìṣù erùpẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jìn jù ú lọ.

Àánú àṣejù a máa pa púpọ̀ nínú wọn. Kí a tó bu omi, kí a ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá gbẹ, kí a bomi rin ín títí yóò fi jinlẹ̀; bí ó bá tutù, kí a fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ tí omi dágún sí kò ní afẹ́fẹ́, gbòǹgbò a sì jẹrà níbẹ̀. Ewé yóò rọ bí ẹni pé òùngbẹ ni, ẹni tí kò mọ̀ a sì tún bu omi kún omi.

Bákan náà ni ajílẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, ẹ̀kọ ni a ń fún un, a kì í ki iyán bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó di ìgbà tí igi bá rúwé titun. Kí a fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń dé ebè iṣu, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó má kan èèpo igi, nítorí ikán àti ìjẹrà. Kí a sì ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

3. Ìdájọ́

Igi lè lo odindi ọdún kan kí ó tó fìdí múlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fa igi tu, kí ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ, kí ó sún mọ́ ìsàlẹ̀, kí ó tún ha á wò. Ẹ̀ka lè kú kí ìdí má kú.

Igi mi tí ó kù ti ga ju òrùlé lọ. Nígbà tí ó bá tanná, àwọn àlejò a máa yìn ín. Èmi a máa wo àyè tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.