Ẹni Tó Ń Wo Ajá Sàn Ló Ń Ṣọ́ Àdúgbò

Ní ẹ́sítéètì Ire-Àkárí, ní Ìsọlọ̀, ará ilé ni ajá. Àwọn kan so tiwọn mọ́ ẹ̀yìn géètì, àwọn mìíràn ń tú tiwọn sílẹ̀ lóru kí ó lè ran ọlọ́dẹ lọ́wọ́. Ekuke wà níbẹ̀, Alsatian wà, Boerboel náà kò gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Òkòta àti ní Àjàó. Àwọn onílé mọ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe, wọ́n mọ ẹni tó ń wo páìpù omi wọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá béèrè dókítà tó ń wo ajá wọn, ọ̀pọ̀ kò ní rí orúkọ dá.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ajá lọ. Dókítà tó gún ajá lábẹ́rẹ́ nínú ilé kan ti dáàbò bo ọmọ ilé kejì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lọ síléèwé àti ìyá tó ń kiri ọjà. Iṣẹ́ ìlera ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò onílé kọ̀ọ̀kan ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ irú ẹni tó jẹ́, ohun tí òfin sọ, àti ohun tó kù kí á ṣe kí iṣẹ́ náà lè dé ẹnu géètì gbogbo.

Ta ni dókítà ẹranko?

Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì ilẹ̀ wa. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni láti àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta náà sì ń kọ́ni. Ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ búra, kí Veterinary Council of Nigeria sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kó tó lè wo ẹranko sàn. Òfin ló gbé àjọ náà kalẹ̀, òun náà ló sì ń bá dókítà tó bá ṣe àṣemáṣe wí. Ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri nínú báàgì, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe dókítà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Ohun tó mú kí èyí ṣe pàtàkì ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fẹ́ ooru. Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí di ìgbà tí wọ́n máa gún un. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ tó ti gba ooru kò wúlò mọ́, owó olówó sì ti lọ. Kò burú kí onílé béèrè ibi tí dókítà tọ́jú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ abẹ́rẹ́ náà sórí káàdì ajá.

Iṣẹ́ dókítà ẹranko kò bẹ̀rẹ̀ lórí ajá. Ní ọdún 1761, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń run màlúù ní Yúróòpù, ni Claude Bourgelat dá iléèwé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí àrùn màlúù yìí kan náà ni wọ́n ṣe dá ibùdó ìwádìí tó wà ní Vom, nítòsí Jos, sílẹ̀ lọ́dún 1924. Ní 2011, wọ́n kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá láyé. Nígbà tí àrùn ẹyẹ wọ Nàìjíríà lọ́dún 2006, tó sì pa obìnrin kan ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, àwọn dókítà ẹranko ló ń wọ oko adìẹ kiri láti dá a dúró. Àwọn náà ló ń yẹ ẹran wò ní ibùpa ẹran Oko-Ọba ní Agége kí ẹran tó dé ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Dìgbòlugi, ọ̀tá tí kò ní oògùn

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, èyí tó kan Ire-Àkárí jù ni dídènà àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dọọdún, Éṣíà àti Áfíríkà ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Bí 100 ènìyàn bá kó o, ajá ló kó o ran 99 nínú wọn. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ni nǹkan bí 40 nínú 100 ẹni tí ẹranko tí wọ́n fura sí bù jẹ.

Inú itọ́ ajá ni àrùn náà máa ń wà. Ó ń gba ojú ibi tí ajá bù jẹ, tàbí ọgbẹ́ tó lá, wọ ara, yóò sì máa bá iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń gbà tó oṣù 2 sí 3 kó tó farahàn, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbẹ́ yóò ti jinná, àwọn ará ilé yóò ti gbàgbé, kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi. Nígbà tó bá sì ti dé bẹ́ẹ̀, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àmọ́ ó ṣeé dènà. Ní oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá bù jẹ, lábẹ́rẹ́ ní Paris, ọmọ náà sì yè é. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án tí Pasteur kú ni ayé fi ń ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi láti ọdún 2007. Ilẹ̀ Yorùbá náà wà nínú ìtàn yìí: ara àdán ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan tó bá ti dìgbòlugi tan lọ́dún 1956, tí ayé ń pè ní Lagos bat virus, ara asín ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti rí òmíràn lọ́dún 1968, tí wọ́n fi orúkọ Mọ́kọ́lá pè.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ata, epo pupa àti àgbo kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Kí wọ́n má fi ìbínú pa ajá náà bó bá ṣeé mú: dókítà ẹranko yóò tì í mọ́lé, yóò sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ náà fi pé, àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ọmọ ajá ti ń gba abẹ́rẹ́ àrùn parvo àti distemper, wọn yóò sì máa tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Tó bá pé oṣù 3, ó tó gba ti dìgbòlugi, kí onílé sì máa tún un ṣe bí káàdì bá ti sọ. Parvo a máa mú kí ọmọ ajá bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí í fi í pa á. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí nìyí tí ajá tuntun fi máa ń kú níbi tí ti àná kú sí.

Aràn náà ṣe kókó. Inú ìyá ni ọmọ ajá ti máa ń kó o, ẹyin rẹ̀ a sì bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣeré. Nínú ara ọmọdé, ó lè gba ojú lọ kó sì ba ojú jẹ́. Eégbọn ní tirẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀, ó tún ń kó ibà ran ajá; ẹ máa wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá da Ota-pia-pia sí ajá lára nítorí eégbọn, tàbí tó fi epo ẹ́ńjìnnì dúdú pa kúrúnà rẹ̀, májèlé ló ń fún un, nítorí ohun tó bá wà lára irun rẹ̀ ni yóò lá. Oògùn tó tọ́ wà lọ́wọ́ dókítà.

Ní ti oúnjẹ, èbà nìkan kò lè gbé ajá ró. Ẹja, ẹyin, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹran gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí omi mímu tó mọ́ sì wà nítòsí rẹ̀ tọ̀sántòru. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ṣokoléètì jẹ́ májèlé fún un, egungun adìẹ tí a ti sè sì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ kó gún ìfun rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọdé, àgbàlagbà, ọ̀kadà àti àlejò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa fi pàṣẹ fún un, kí wọ́n sì fún un ní nǹkan jẹ nígbà tó bá gbọ́ràn. Pàṣán a máa bí ìbẹ̀rù, ajá tó ń bẹ̀rù ló sì ń yára bu ènìyàn jẹ.

Kí a tó gbà á sílé

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́nu ọmú. Irun ajá Caucasian nípọn nítorí orí òkè tó tutù ni wọ́n ti ń sìn ín, ooru Èkó a sì máa fìyà jẹ ẹ́. Ekuke mọ ojú ọjọ́ wa, ó gbọ́n, kò sì ná ènìyàn lówó púpọ̀. Àwọn kan wà tó ń kó ẹranko tí wọ́n pa tì jọ, bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation tí Dókítà Mark Ofua dá sílẹ̀ ní Èkó. Nǹkan bí ọjọ́ 63 péré ni oyún ajá, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ sin ọmọ ajá, kí ó jẹ́ kí dókítà tẹ tirẹ̀ lọ́dàá, kí ọmọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ má baà kún ìgboro.

Ọwọ́ ta ló wà?

Òfin ti dáhùn. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka àmójútó sínsin àti ìrìn ẹran ọ̀sìn inú ilé mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, níbi kan náà tó ti ka ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìsọlọ̀ lábẹ́ òfin yìí ní ẹrù iṣẹ́ lórí ajá tó ń rìn níwájú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ó sì ṣeé ṣe. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí 70 nínú 100 ajá bá gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ní N'Djamena, olú-ìlú Chad, wọ́n gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2012 àti 2013, iye tó gbà á kọjá 70 nínú 100, àrùn náà sì dáwọ́ dúró láàárín àwọn ajá ìlú náà fún oṣù mélòó kan, kí ó tó tún ti ìta wọlé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, àdúgbò kan kò sì lè dá a ṣe. Bí Ire-Àkárí bá ṣe é tí Òkòta kò ṣe é, àrùn yóò tún padà wá.

Ẹgbẹ́ onílé tó ń dá owó géètì àti owó ọlọ́dẹ lè ka ajá tó wà ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìsọlọ̀, kí wọ́n sì pe dókítà tó forúkọ sílẹ̀ wá gún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án tó pé. Ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè abẹ́rẹ́, onílé gbọ́dọ̀ mú ajá jáde. Kí wọ́n fi í sí ara ohun tí wọ́n máa jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀.