Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló ń yan ààrẹ Amẹ́ríkà gan-an?

Lọ́dún 2016, ìbò Hillary Clinton fi bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Donald Trump lọ, síbẹ̀ Trump ló wọlé. Kì í ṣe màgòmágó o. Àwọn aṣojú olùdìbò 538 ló ń yan ààrẹ; ẹni tó bá rí 270 ló jáwé olúbori. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo borí ló kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ.

Ní ti iye ìgbà tí èèyàn lè wọlé, Ààrẹ Franklin Roosevelt wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Àmọ́ láti 1951, wọn kì í dìbò yan ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ mọ́.