Bíbélì Mímọ́ ní èdè Yorùbá, a ṣí i sí Mátíù orí 4

Ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850. Odindi Bíbélì tẹ̀ lé e ní 1884. Àwọn onígbàgbọ́ ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀dà Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì, tí wọ́n ń túmọ̀ láti inú rẹ̀, tí Ọlọ́run pa mọ́: ṣé èyí tí ọ̀mọ̀wé Erasmus tẹ̀ ní 1516 ni, àbí àwọn ìwé awọ àtijọ́ bí èyí tí wọ́n rí ní Òkè Sínáì?

Ẹ tẹjú mọ́ ẹsẹ 1 ná. Èṣù ni wọ́n pe ẹni tó dán Jésù wò. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn oníṣẹ̀ṣe wọra, ẹjọ́ wọn sì tọ́: kò sí ẹ̀dà Gíríìkì kankan, tuntun tàbí àtijọ́, tó dárúkọ Èṣù, òrìṣà Yorùbá.

Ní ti èdè ojú ewé yìí, kì í ṣe gbogbo ará Benin ló sún mọ́ ọn bákan náà. Ní ìlú Bassila níbẹ̀, èdè Anii ni wọ́n ń sọ. Èdè Manigri, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, ló bá Yorùbá tan. Ojú ewé yìí sún mọ́ ẹnu ará Manigri ju ti ará Bassila lọ.