Ìṣúra Tí A Fi Ẹgbẹ́ Wá: Eré Geocaching Ní Ikate Elegushi

Láti ayébáyé ni ọmọ Yorùbá ti ń fi àlọ́ àpamọ̀ dán ọgbọ́n ara wọn wò, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣe bojúbojú lábẹ́ òṣùpá títí oorun yóò fi kùn wọ́n. Nítorí náà, eré tí mo fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti òkèèrè, kò ṣàjèjì sí wa púpọ̀. Geocaching ni wọ́n ń pè é: ẹnì kan a gbé àpótí kékeré pamọ́ síbì kan, a fi nọ́ńbà tí ó júwe ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíràn a sì gbé fóònù tàbí ẹ̀rọ GPS lọ́wọ́, wọn a wá a lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà, lábẹ́ Ààrẹ Bill Clinton, mú ìdíwọ́ tí ó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú àmì sátẹ́láìtì GPS kúrò, ìdíwọ́ tí ó lè mú kí ẹ̀rọ aráàlú fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta oṣù náà kò ṣú tí Dave Ulmer fi gbé korobá dúdú kan pamọ́ sínú igbó lẹ́bàá Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí ó sì kéde nọ́ńbà ibẹ̀ fún gbogbo ayé; kò pẹ́ tí Mike Teague fi rí i. Láti ara korobá kan ṣoṣo yẹn ni àpótí ti pọ̀ kárí ayé, tí iye wọn fi lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ní Èkó Àrómisálẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ̀ yìí, ilẹ̀ Ikate Elegushi yẹ eré náà gan-an, nítorí pé ọ̀sà ni ó wà níhà àríwá rẹ̀, òkun ni ó wà níhà gúúsù, títì tí ó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ sì la àárín rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́-ọnà alájà márùn-ún tí ìyá wa Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni etíkun Elegushi wà. Bí a bá sì kọrí sí ọ̀nà Ajah, a ó kan Lekki Conservation Centre, igbó hẹ́kítà 78 tí afárá orí igi rẹ̀ gùn tó mítà 401. Ẹni tí ó bá ń ṣètò eré lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ṣe ibùdó, kí ó fi àlọ́ sí ìdí rẹ̀, kí iye àjà ilé tí ẹgbẹ́ kà níhìn-ín jẹ́ díjíìtì kan nínú nọ́ńbà ibùdó tí ó kàn.

Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ẹgbẹ́ kan. Kí ọ̀kan di fóònù mú, kí ọ̀kan máa tú àlọ́, kí ọ̀kan máa ṣọ́ àkókò kí ó sì máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù máa yẹ ilẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó kìkì ọ̀dọ́ jọ. Ẹ wá ọmọ àdúgbò mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ ó gbà: èyí tí ó wà fún ìhà àríwá, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 ní Ikate, àti èyí tí ó wà fún ìhà ìlà-oòrùn, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3. Díjíìtì mẹ́ta ni àwọn eléré yìí sábà máa ń fi parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣi èyí tí ó kẹ́yìn pátápátá kọ, bí mítà méjì péré ni ẹ ó fi ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ṣì kọ, ẹ ó fi nǹkan bí mítà 185 ṣìnà, ìyẹn sì tó láti gbé ènìyàn láti ojú títì wọ inú ọgbà olówó tí ajá ń ṣọ́. Kódà bí nọ́ńbà bá pé, ilé gíga àti ewé igi a máa da àmì sátẹ́láìtì rú. Nítorí náà, bí ẹ bá ti súnmọ́ ibẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, ẹ ki fóònù bọ àpò, kí ẹ jẹ́ kí ojú àti ọgbọ́n orí ṣe ìyókù.

Ṣùgbọ́n kí á tó gbé àpótí kankan kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ilẹ̀ tí ó lólúwa ni a wà. Ọba Saheed Ademola Elegushi, Kusenla Kẹta, ni ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 2010; ẹbí ni ó ni àwọn ilẹ̀ kan, ẹgbẹ́ onílé ni ó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀sítéètì. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, ẹ kí àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì, kí ẹ sì kọ ọ́ sára àpótí pé eré ni, nítorí pé àpótí tí ó fara pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ olúwa rẹ̀ lè kó ìpayà bá àdúgbò. Ẹ má ṣe sọdá títì Lẹ́kí lójú eré, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá sì dé etíkun, ẹ má ṣe bọ́ sómi, nítorí ìgbì òkun ibẹ̀ lágbára.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú àpótí. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ọjọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá mú ohun kan níbẹ̀, ẹ fi ohun tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. A kì í fi oúnjẹ sínú rẹ̀, nítorí pé èèrà, eku àti ọ̀bọ ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bí ẹ bá ṣe bá a ni kí ẹ ṣe dá a padà, kí ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè wá a bí ẹ ti wá a.

Ní ti ẹni tí yóò gba ipò kìíní, ó dára kí olùṣètò pinnu rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹni ìkẹyìn nínú ẹgbẹ́ ni a ó fi aago rẹ̀ ka àkókò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ eré bá sáré dé tí ó fi ìyá àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì dé. Òfin kékeré yìí nìkan ni yóò sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ní tòótọ́.